Eruku Àtijọ́ ti Luochuan: Ìbéèrè tí Ẹ Ń Bi Mí Ṣáá

Ní Luochuan, ní Ṣáínà, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ ga ju mítà 130 lọ. Ìpele ìyeyè (L) jẹ́ ti ìgbà òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀. Ìgbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa ló sọ eruku di ilẹ̀ pupa (S). Ilẹ̀ pupa máa ń gba òòfà ju eruku lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ wọ̀n bí wọ́n ṣe ń gba òòfà tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti òkè la ti ń ka ìpele: S0 ni ilẹ̀ dúdú òkè pátápátá, L1 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà S1.

Nọ́ńbà ẹ̀rọ mi ò dúró sójú kan.
Ẹ mú fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lórí tábìlì.

Wóró eruku mi tóbi jù.
Ẹfun ló so wọ́n pọ̀. Ẹ fi ásíìdì yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀n wọ́n.

Ní Alaska, eruku ló ń gba òòfà ju ilẹ̀ lọ. Ṣé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni?
Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Ní Ṣáínà, òjò àti ooru ló ń bí wóró irin tíntìntín sínú ilẹ̀. Ní Alaska, ìjì ìgbà òtútù ló gbé irin tó wúwo wá, omi tó dúró sínú ilẹ̀ sì ń jẹ irin. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?

Nọ́ńbà kan ga láàárín L1, bẹ́ẹ̀ kò sí ilẹ̀ pupa níbẹ̀.
Ojú mi rí màbo lórí èyí. Eruku ìgbà òtútù tó kẹ́yìn ni L1, nọ́ńbà rẹ̀ yẹ kó lọ sílẹ̀. Àmọ́ lójú kan ṣoṣo, ó fò sókè. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo fura sí ọ̀bẹ irin tá a fi gé e. Mo fi ti ike gé òmíràn, pàbó. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ń pariwo pé a rí ìgbà ooru tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Mo padà sídìí ògiri náà, mo ha ojú rẹ̀, mo wọ́n omi sí i. Bó ṣe ń gbẹ, àmì roboto dúdú kan yọ, ó tó ìkúùkù, etí rẹ̀ hàn ketekete. Ihò ẹranko ni! Zokor, tó ń gbélẹ̀ bí òkété, ló gbẹ́ ibẹ̀ nígbà kan, ilẹ̀ dúdú S0 sì ya wọnú rẹ̀ láti òkè. Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ wọ́n omi.

Ṣé mo lè fi radiocarbon (kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan) mọ ọjọ́ orí S1?
S1 ti ju ọdún 70,000 lọ. Radiocarbon kì í kọjá nǹkan bí 50,000. Ìmọ́lẹ̀ tó pamọ́ sínú wóró feldspar, irú òkúta kan tó wà nínú eruku, la máa ń lò, iṣẹ́ àwọn àgbà sì nìyẹn, kì í ṣe tiyín. Ẹ gbá páìpù irin wọ ògiri, ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi ọ̀rá dúdú wé e, kẹ́ ẹ gbé e fún wọn. Bí oòrùn bá kàn án, ó parí. Ẹ má ṣí i wò lọ́nà.