Ògiri tó ń bu lẹ́yìn ìjì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò kì í bá wa ṣeré ní Ògbómọ̀ṣọ́. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ gbé eruku, ká tó di fèrèsé, páánù ilé ẹlòmíì ti wà lórí igi máńgòrò aládùúgbò. Ọ̀dà kíkùn niṣẹ́ mi, torí náà èmi ni wọ́n máa ń pè bí ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ká sọ tòótọ́, èmi ló yẹ kí wọ́n pè kẹ́yìn. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ìjì tó kọjá rèé.

Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Ìjì ṣí páánù mẹ́ta lórí yàrá wa ní Màsífà. Kápẹ́ńtà ti kàn án padà. Ọjọ́ kẹrin rèé, nǹkan dúdú wínníwínní ti ń yọ lára ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wá bá wa kùn ún kí àlejò tó dé ní Sátidé.

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Mi ò ní kùn ún. Èbu nìyẹn, ìran èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ohun tó bá ti rin gbingbin, láàárín wákàtí 24 sí 48 ni èbu ti lè gbà á. Ọ̀dà kì í pa á, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Mo ti ṣe é rí, nínú yàrá ìyá tó bí mi. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀dà náà fi wú bí àkàrà. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi ṣẹ́ jáde, abẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Irú èyí lo ń ṣe fáwọn tó ń sanwó fún ọ?"

Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ wo orí àjà bóyá omi ṣì ń kán, torí ojú ìṣó tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó máa ń jò lẹ́yìn tí kápẹ́ńtà bá ti gbowó lọ. Ẹ ṣí fèrèsé tó dojú kọra wọn nígbà tí òòrùn bá wà, kẹ́ ẹ sì ti fèrèsé bí òjò bá ṣú. Àlejò á sun yàrá mìíràn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ògiri ti gbẹ? Bá a bá fọwọ́ kàn án, ó dà bíi pé ó gbẹ.

Ọwọ́ ń tanni. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ojú ìwé, kẹ́ ẹ lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú sẹ́lótéèpù tó dáa, kí atẹ́gùn má ráàyè. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bẹ́ ẹ bá rí ìrì nínú náílọ́ọ̀nù, lápá tó kọjú sí ògiri, omi ṣì wà nínú bíríkì. Bó bá jẹ́ ìta ni ìrì wà, ọ̀rinrin inú yàrá ni. Ẹ dán an wò nísàlẹ̀ ògiri náà, ibẹ̀ ló ń gbẹ kẹ́yìn.

Mo da bílíìṣì pọ̀ mọ́ omi ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó lè lágbára. Ojú ń ta wá, ọmọ sì ń wúkọ́.

Ẹ jáde síta ná, gbogbo yín, kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Bí ásíìdì inú omi ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá pàdé bílíìṣì, gáàsì kíloríìnì ló ń jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí ikọ́ ọmọ náà ò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ má da bílíìṣì mọ́ ohun tó ní amóníà náà o.

Lórí táìlì àti ike, ìdámẹ́rin lítà bílíìṣì nínú omi lítà 4 ti tó. Lórí pákó àti ògiri tí a rẹ́, kì í wọnú. Á sọ ojú ibẹ̀ di funfun, ohun tó wà nísàlẹ̀ á tún hù. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ rin ín, torí ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha èbu, ṣe ló ń gbìn ín káàkiri yàrá. Ẹ lo ìbòmú N95 àti ìbọ̀wọ́. Bó bá ti fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lóòró àti níbùú lọ, ẹ pe oníṣẹ́.

Omi gba inú sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, àmọ́ nígbà tí iná dé, a tàn án, nǹkan kan ò ṣe. Ṣé kò séwu?

Ó séwu. Ẹ pa á látibi mítà, kí oníṣẹ́ iná tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí fáànù tẹ́ ẹ fẹ́ fi gbẹ ilé. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kì í rùn.

Ilé alámọ̀ bàbá wa àgbà, nítòsí ààfin Ṣọ̀ún, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn òjò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ṣé ká fi sìmẹ́ǹtì míì kún un?

Ẹ má ṣe é. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń tú u sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Àwa la lọ fi sìmẹ́ǹtì dí i nímú. Omi gba orí ògiri wọlé, ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì, kò ríbi jáde, amọ̀ ìsàlẹ̀ sì ń di ẹ̀kọ. Ẹ fi ìka gbá a wò. Ibi tó bá dún bí agolo òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti ṣí lára amọ̀ níbẹ̀.

Bó bá ti yọ ikùn, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń ti tẹ́lẹ̀ kò bá ti mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sun ibẹ̀ lálẹ́ òní, ì báà jẹ́ pé òòrùn ti ràn. Ògiri amọ̀ lè dúró gbogbo òjò kó wá wó lọ́jọ́ kejì. Ẹ wá bíríkìlà àgbà tó mọ ilé amọ̀. Òun ló máa sọ bóyá kí wọ́n fi igi tì í kí wọ́n tó ṣí sìmẹ́ǹtì tó wú. Ẹ bo orí ògiri, ẹ la gọ́tà kí omi òrùlé má máa ta sí ìdí rẹ̀. Bó bá gbẹ tán, amọ̀ tí a pò mọ́ koríko ni kí wọ́n fi dí i.

Fóòmù wa ńkọ́? A ti sá a.

Ojú rẹ̀ ló gbẹ. Bó bá mu omi ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ sọ ọ́ nù. Ó dùn mí, mo mọ iye tí fóòmù ń jẹ́.

Láfún ìdajì àpò rin, ó ti ń bu díẹ̀díẹ̀. Bá a bá tún un sá, tá a sẹ́ ẹ, ṣé kò ṣeé rò?

Kò ṣeé rò. Májèlé tí èbu máa ń fi sínú oúnjẹ, òòrùn kì í lé e, asẹ́ kì í mú un, omi gbígbóná ò sì ní pa á. Ẹ má dà á fádìyẹ náà o, ó ń pa wọ́n.