Ọmọ Tí Eéwo Kì í Tán Lára Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Òbí ní Agbègbè Abuja

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń dáko ní Kwali, Abaji, Kuje àti Gwagwalada, ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí eéwo ọrùn ṣe ń jinná ni ti abẹ́ itan ń yọ. Òtútù àyà á dá a dúbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ẹ yẹ jẹ́nótáìpù wò, AA ni. Àwọn àgbà ilé á ní àbíkú ni, aládùúgbò á máa fojú HIV wo ìyá ọmọ. Ó lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àìsàn kan wà tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ, CGD (chronic granulomatous disease) ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ràn, kò sì wọ́pọ̀: ní Amẹ́ríkà, ó tó nǹkan bí ọmọ 1 nínú 200,000. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé kòkòrò àrùn mì, tó ń pa á. Ti ọmọ yìí ń gbé e mì, kò kàn lè pa á ni: ọdẹ tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní ẹ̀tù. Bí wọ́n bá ka sẹ́ẹ̀lì náà lásán, wọ́n á ní ó pé, kódà ó lè pọ̀ jù. Ẹ bi dókítà ọmọdé léèrè àyẹ̀wò tó ń wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì náà ń ṣiṣẹ́.

Ọkùnrin ló ń mú jù, láti ara ìyá tí ara tirẹ̀ lè le koko. Níbi tí ẹbí ti ń fẹ́ra wọn, ó ń mú obìnrin pẹ̀lú. Bí irú rẹ̀ bá ti pa ọmọ kan rí nínú ẹbí ìyá, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gún ọmọ tuntun ní BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí kòkòrò ààyè ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹ má torí èyí sá fún àjẹsára yòókù o.

Ibi tó kan oko wa gan-an nìyí. Bí ẹ bá fi ọkọ́ yí ààtàn lówùúrọ̀, nǹkan bí èéfín á rú jáde. Eruku olu, ìyẹn ohun tó ń mú kí nǹkan bu, wà nínú rẹ̀. Ó wà nínú koríko jíjẹrà tí a fi bo ebè iṣu, nínú èèpo ẹ̀pà tó rin, nínú àpò àgbàdo tó ti bu. Àwa á fà á símú, a ò ní mọ nǹkan kan. Ọmọ yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè pa á. Ẹ má ṣe pọ̀n ọ́n fẹ́ ọkà. Ẹni tó yí ààtàn, kó bọ́ aṣọ, kó wẹ̀, kó tó gbé e. Bí ikọ́ bá dé lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi oògùn ibà dánra wò nílé. Ọsibítù ni, kí ẹ sì sọ ohun tó fà símú.

Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn nínú ara àti èyí tó ń pa olu ni ọmọ náà á máa lò lójoojúmọ́, dókítà ni yóò wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kẹ́míìsì. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun lè wò ó sàn, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí eéwo yọ, ibi tó ti yọ, iye ọjọ́ tó fi jinná, kí ẹ sì lẹ páálí oògùn tó lò mọ́ ojú ewé náà.