Pípààrọ̀ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì mọ́tò: bí a ṣe ń ṣe é, àti ohun tó ń yí padà nínú ìwọ̀n epo

Ìdí méjì ló sábà máa ń mú kí onímọ́tò ní Iléṣà fẹ́ pààrọ̀ ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń gbà mí. Àwọn kan fẹ́ kí mọ́tò wọn túbọ̀ lágbára lórí òkè, wọ́n sì fẹ́ràn bí fítà tí kò sí nínú àpótí ṣe máa ń dún. Àwọn mìíràn ni àpótí fítà mọ́tò tòkunbọ̀ wọn ti fọ́, tí họ́ọ̀sì rọ́bà rẹ̀ ti sán, tí wọn kò sì rí irú rẹ̀ rà. Èyíówù kó jẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ibi tó le ni ìṣirò epo tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà sípánà kọ́ ni a óò kọ́kọ́ mú, sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń sọ, ni.

Kí bẹntiróòlù tó lè jó bó ṣe yẹ, ìwọ̀n epo kan nílò ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7, bí a bá fi ìwúwo ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, ló ń bu epo náà, ṣùgbọ́n kò lè bù ú láìmọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Nínú Toyota Corolla ti ọdún 2005, sẹ́ńsọ̀ MAF tó wà lẹ́yìn fítà ló ń sọ fún un. Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú sẹ́ńsọ̀ yìí tí iná ń mú gbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ kọjá lára rẹ̀ ni ó ń tutù, iye iná tí ó gbà láti mú un gbóná padà ni kọ̀ǹpútà sì fi ń mọ iye tó kọjá. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà ni wáyà yìí ń tọ́ wò. Ìyókù, fífẹ̀ páìpù tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà láti ilé iṣẹ́ ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Bí a bá wá gbé sẹ́ńsọ̀ sínú páìpù tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á máa rọra kọjá, sẹ́ńsọ̀ á ní díẹ̀ ló wọlé, epo á sì dín. Bí páìpù bá tóóró jù, epo á pọ̀ jù, ẹnu sàléńsà á sì dúdú. Kí a má fojú kéré ìyàtọ̀ yìí o: páìpù tí ihò rẹ̀ jẹ́ 65 mm, tí a fi 70 mm rọ́pò, ojú ihò rẹ̀ ti fi bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè rí i.

Honda Civic ti ọdún 2001 sí 2005 kò ní MAF ní tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ MAP rẹ̀ ń wọ̀n ìfúnpá afẹ́fẹ́ nínú mánífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn ṣílíńdà, nítorí náà fífẹ̀ páìpù kì í tàn án jẹ bẹ́ẹ̀.

Kí a tó tú ohunkóhun, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí a sì so sikánà mọ́ ojú OBD2, ihò plọ́ọ̀gì sikánà tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ náà tó. Kí a kọ fuel trim sílẹ̀, ti ìgbà kúkúrú àti ti ìgbà pípẹ́, nígbà tí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́ àti nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Fuel trim ni àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ń ṣe sí ìṣirò ara rẹ̀ lẹ́yìn tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn inú sàléńsà bá ti jíṣẹ́ fún un: +8 túmọ̀ sí pé ó ń fi epo 8 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, −8 sì túmọ̀ sí pé ó ń dín in kù. Láàárín −10 àti +10 kò burú. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a wá àrùn tó wà nílẹ̀ ná, kí a má lọ da tuntun pọ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, kí a pa ẹ́ńjìnì kí ó tutù, kí a fi sípánà 10 tú orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò. Kí a tẹ ahọ́n plọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀ kí a tó yọ ọ́, kí a má fa wáyà rẹ̀. Sukúrù méjì ló di sẹ́ńsọ̀ náà mú. Bí a bá ti yọ ọ́, kí a gbé e sórí aṣọ mímọ́, kí ìka má kan wáyà inú rẹ̀. Kí a wá tú kílíìpù họ́ọ̀sì, kí a yọ họ́ọ̀sì kékeré tó wá láti orí ẹ́ńjìnì, kí a gbé àpótí jáde, kí a sì fi aṣọ dí ẹnu throttle, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, lójú ẹsẹ̀, nítorí nọ́ọ̀tì kékeré tó bá já bọ́ síbẹ̀ lè sọ iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí a bá fẹ́ de tuntun, ibi tí sẹ́ńsọ̀ yóò jókòó gan-an ni kí a fi kálípà ìwọ̀n (kì í ṣe ti bíréèkì) wọ̀n, kì í ṣe ẹnu páìpù. Ọfà tó wà lára sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, sẹ́ńsọ̀ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí páìpù ti tẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń rú níbẹ̀. Họ́ọ̀sì kékeré orí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ padà sí ara páìpù. Mo ti rí Corolla kan tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dí ihò rẹ̀, tí wọ́n sì fi họ́ọ̀sì náà sílẹ̀ gbalaja, tí afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò kà ń gba ibẹ̀ wọlé, tí onímọ́tò wá ń ra sẹ́ńsọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn.

Ibi tí fítà yóò wà ṣe pàtàkì ju irú fítà lọ. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ tàbí lókè mánífóòdù sàléńsà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni yóò máa fà, afẹ́fẹ́ tó sì ti ti 30 °C dé 60 °C ti pàdánù bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Agbára tí a torí rẹ̀ náwó ti lọ nìyẹn. Bí a bá sì torí òtútù gbé e sísàlẹ̀ nítòsí bọ́ńpà, kí a rántí òjò wa: omi kì í ṣeé fún pọ̀ nínú ṣílíńdà bí afẹ́fẹ́, ìkún omi kan ṣoṣo lójú ọ̀nà sì lè mú kí conrod, ọ̀pá tó di písítọ̀nù mú, tẹ̀.

Ní ti fítà fúnra rẹ̀, èmi kò fara mọ́ èyí tí a ń fi òróró pa fún ìlú tí eruku pupa àti ọyẹ́ ń bá jà báyìí, àyàfi bí onítọ̀hún bá lè fi òróró náà mọ ní ìwọ̀n. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò lẹ̀ mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀, ìwọ̀n á sì ṣì. Fítà onípépà nínú àpótí tó ní ìdérí ni mo máa ń yàn. Kí a má sì gbé e lọ fún fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ táyà fọ́n ọn, nítorí agbára rẹ̀ lè lu pépà náà láìjẹ́ pé a rí i.

Bí a bá ti so bátìrì padà, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìfọwọ́ kan ohunkóhun, kí a tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí a wá wà á lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kí a sì padà, pẹ̀lú eré díẹ̀ àti eré púpọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ ohun tuntun. Lẹ́yìn náà kí a tún ka fuel trim. Bí ó bá ga nígbà tí mọ́tò dúró, tí ó sì ń lọ sílẹ̀ ní 2,500, afẹ́fẹ́ kan ń gba ibi tí kò yẹ wọlé: kílíìpù tàbí họ́ọ̀sì kékeré ni kí a wò. Bí ó bá ń ga sí i bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ agbára sí i, ó lè jẹ́ pé páìpù ti fẹ̀ jù, iná check engine sì lè tàn pẹ̀lú kóòdù P0171, èyí tó túmọ̀ sí pé epo kò tó afẹ́fẹ́.

Fuel trim lè bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ láti gun òkè lọ sí apá Erin-Ìjẹ̀ṣà, kọ̀ǹpútà kì í dúró gbọ́ ti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn mọ́, ohun tí MAF bá sọ ló ń gbára lé. Epo tó dín níbẹ̀ ń mú inú ṣílíńdà gbóná, a ó sì gbọ́ kọ-kọ-kọ. Bí a bá gbọ́ ọ, kí a gbé ẹsẹ̀ kúrò kíákíá. Ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ lè tún ìṣirò MAF kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò ní, kí ó wá páìpù tí ihò rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ mu. Rẹsísítọ̀ tí àwọn kan ń so mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ láti fi purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé afẹ́fẹ́ tutù kì í ṣe àtúnṣe rárá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí a tún gbogbo kílíìpù dì, nítorí rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ bí ooru bá ti mú un, kí a sì tọ́jú àpótí àtijọ́ pa mọ́ bí ó bá ṣì dára.