Aláìsàn ní "rárá", nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí bíbi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀

"Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?" Ìbéèrè yìí ló ń ba fáìlì jẹ́ jù. Aláìsàn á ní rárá, kò sì purọ́. Lójú tirẹ̀, èyí tí dókítà kọ fún un nìkan ni oògùn. Àgbo tó ń mu láràárọ̀ kò sí níbẹ̀, Alabukun tó ń dà sẹ́nu bí orí bá ń fọ́ ọ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ aspirin wà nínú Alabukun, ó sì lè mú kí ọgbẹ́ inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí lẹ rà ní kẹ́míìsì lọ́sẹ̀ yìí? Àgbo ńkọ́? Kí lẹ máa ń lò bí orí bá fọ́ yín?" Bí ó bá kù nílé, kí wọ́n gbé páálí rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí. Ẹni tó ń mu paraga lójoojúmọ́ á fọwọ́ sọ̀yà pé òun kì í mutí, torí àgbo ló ń pè é.

Ó ní "ibà ń ṣe mí", o ti kọ malaria. Ta ló sọ fún ọ? Ibà lè jẹ́ ara gbígbóná, ó lè jẹ́ àárẹ̀ àti ẹnu kíkorò lásán. Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí o wá wádìí: ọjọ́ mélòó, ṣé òtútù ń mú un, ṣé ó ń bì? "Inú ń run mí" tún lọ́jú pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ní kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbẹ̀, kó má fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ikùn. Ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún àti òkè ikùn lábẹ́ igbá àyà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ wọn. Bí màmá àgbà kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi òdo sí 10 wọn ìrora, bi wọ́n bóyá ó jẹ́ kí wọ́n sùn lánàá.

Lọ́dọ̀ àwọn aláboyún, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" kì í mú ìdáhùn tó pé wá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì ní mẹ́nu ba èyí tó kú. Ó sì lè jẹ́ ìbí yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ jù. Sọ ìdí rẹ̀ ṣáájú: "A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ nígbà kan rí, ká lè múra sílẹ̀." Kí o tó wá ní: "Oyún ìkelòó nìyí, títí kan èyí tí kò dúró?" Má béèrè níṣojú ìyá ọkọ o! Rán wọn lọ sanwó káàdì ná.

Gígé ọ̀rọ̀ mọ́ aláìsàn lẹ́nu náà jẹ́ àṣìṣe, àmọ́ kì í ṣe tiwa nìkan. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1984 fi hàn pé bí ìṣẹ́jú-àáyá 18 ni dókítà fi ń jẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀ kó tó já lù ú. Bi í pé "Kí ló gbé yín wá?", kí o sì panu mọ́.

Bí o bá parí, ka ohun tí o kọ sétí rẹ̀, má sì tíì de bírò. Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ku ọ̀kan tí mi ò sọ."