Kó o tó wọ transfer portal: àwọn òfin NCAA tó yẹ kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ̀yin àbúrò wa tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà lórí skọ́láṣíìpù eré ìdárayá, tí kóòṣì ti sú yín tàbí tí ẹ kàn fẹ́ lọ síbi tí ìlọsíwájú wà, ọ̀rọ̀ transfer portal yìí, ìyẹn àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi orúkọ eléré tó fẹ́ pààrọ̀ iléèwé sí, kàn yín. Láti April 2024 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti fàyè gba ọmọ Division I, ìpele tó ga jù, láti pààrọ̀ iléèwé iye ìgbà tó bá wù ú, kó sì máa kópa lójú ẹsẹ̀, kò sí pé wàá jókòó fún odindi ọdún kan mọ́ bíi tàtijọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ òfin yẹn dé nìyẹn, wọn ò gbọ́ ìdajì tó kù, torí wọ́n ní tí ìwé ẹ bá dáa ni o! Tó o bá yára ju gbogbo ayé lọ tí ìwé ẹ ò dúró dáadáa, orí bẹ́ǹṣì lo máa wà.

Torí náà, kó o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó o tó gbé nǹkan sórí Instagram, lọ gba transcript ẹ, ìyẹn ìwé èsì ẹ̀kọ́ ẹ, kó o jókòó tì í. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta gbọ́dọ̀ ti ṣe 40% nínú digrí tó fẹ́ gbà, ọdún kẹrin 60%, ọdún karùn-ún 80%. Digrí ti iléèwé tuntun tó ò ń lọ ni wọ́n á fi ṣírò ẹ o, kì í ṣe ti ibi tó o ti ń bọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Digrí tó jẹ́ 120 krẹ́díìtì, 40% ẹ̀ jẹ́ 48. Ká ní ọmọ kan ti lo ọdún méjì, ó ti ní 60 krẹ́díìtì nínú Kinesiology (ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń rìn), GPA ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ẹ̀ lórí 4.0, jẹ́ 3.1, ọkàn ẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó wá dé iléèwé tuntun, ó ní Computer Science lòun fẹ́ ṣe báyìí. Registrar gba gbogbo 60 yẹn wọlé lóòótọ́, àmọ́ 41 péré ló wúlò fún Computer Science, ìyókù kàn wà nínú fáìlì ni, kò ṣe é lò fún nǹkan kan. 41 nínú 120 ò pé 35%. Ọmọ yẹn ò lè kópa ní fall, sáà ẹ̀kọ́ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní August, bẹ́ẹ̀ ó ní 3.1! Ohun tó lè gbà á ni kó fi summer ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó wà nínú digrí yẹn gan-an, tó bá yege nínú wọn, 9 lé 41 ti di 50. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kó o ní kí iléèwé tuntun kọ ọ́ sínú ìméèlì fún ẹ, iye krẹ́díìtì tí wọ́n á kà mọ́ digrí ẹ, kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Má gbà kí kóòṣì fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹ lórí fóònù, torí kóòṣì kọ́ ló ń ṣírò ẹ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, o gbọ́dọ̀ yege nínú ó kéré tán krẹ́díìtì 6 ní semester kọ̀ọ̀kan, 18 láàárín fall àti spring, sáà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní January. Kó o sì kúrò níbi tó o wà láìsí pé wọ́n lé ẹ tàbí pé wọ́n fi ìyà dá ẹ dúró.

Ìkejì ni aago. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Division I látọjọ́ pípẹ́ ni pé o ní ọdún márùn-ún láti fi kópa ní sísìn (sáà ìdíje) mẹ́rin, aago yẹn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ full-time ní yunifásítì èyíkéyìí láyé. Mo ní láyé! Tó o bá ti lo ọdún kan ní UNILAG tàbí OAU kó o tó rí skọ́láṣíìpù, ọdún yẹn ti lọ nínú márùn-ún. ASUU ìbáà daṣẹ́ sílẹ̀ oṣù mẹ́jọ bí wọ́n ṣe ṣe ní 2022, aago ò dúró dè wọ́n, àfi tí iléèwé bá bá ẹ bẹ NCAA fún waiver, pé kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ, tí wọ́n sì gbà. Má sì fi ọdún yẹn pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ṣé o gbọ́? Láti ìgbà tí Diego Pavia, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì Vanderbilt, ti gba ìdájọ́ ní December 2024 lórí àwọn ọdún tó lò ní junior college (iléèwé gíga ọlọ́dún méjì) ni wọ́n ti ń fa òfin yìí síwá sẹ́yìn ní kóòtù, torí náà ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ rí gbà lè má kàn ẹ́, ọ́fíìsì compliance iléèwé ẹ, àwọn tó ń rí sí i pé ẹ ò rú òfin NCAA, ni kó o bi.

Tí ìṣirò méjèèjì, ti krẹ́díìtì àti ti aago, bá ti dáa, wàyí o, portal. Gbogbo eré ìdárayá ló ní window tiẹ̀, ìyẹn àkókò tí portal máa ń ṣí, ti football (bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà) ní 2026 jẹ́ January 2 sí 16, ti àwọn yòókù yàtọ̀, wo ti tìẹ. Tí window bá ti ṣí, kọ ìwé ránṣẹ́ sí compliance pé o fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹ sínú portal, fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ àti eré tó ò ń ṣe sí i, parí module (ẹ̀kọ́ kékeré orí íntánẹ́ẹ̀tì) tí NCAA ní kó o ṣe, wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì láti fi orúkọ ẹ sí i. Ìwọ ò tọrọ àyè, kóòṣì ò lè sọ pé rárá. Wíwọlé sí portal nìkan ni window wà fún, o lè yan iléèwé lẹ́yìn tó bá ti tì, torí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "window ti fẹ́ tì" kó jìnnìjìnnì bá ẹ kó o sáré mú ibi tí ò dáa. Àmọ́ mọ̀ pé lọ́jọ́ tó o wọ portal, iléèwé tó o wà lè dá skọ́láṣíìpù ẹ dúró fún àwọn semester tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ń pè ẹ́ lórí WhatsApp látọ̀dọ̀ iléèwé míì kí orúkọ ẹ tó wọ ibẹ̀, òfin ló ń rú yẹn.

Ẹ̀yin òbí, ibí ni kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ fíìsà. Ọmọ tó wà lórí F-1, fíìsà akẹ́kọ̀ọ́, ò lè kàn palẹ̀ ẹrù mọ́ kó lọ. Tí iléèwé tuntun bá ti gbà á, á mú lẹ́tà yẹn lọ bá DSO, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fíìsà, ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní iléèwé tó wà, àwọn ló máa mú déètì tí wọ́n á fi fáìlì ẹ̀ nínú SEVIS, àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà lórí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ránṣẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni iléèwé tuntun máa tó fún un ní I-20, ìwé tó fi hàn pé ibẹ̀ ló ti ń kàwé. Kò gbọ́dọ̀ ju oṣù márùn-ún lọ lẹ́yìn tó kúrò ní iléèwé àtijọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì níbi tuntun. Ní ti owó NIL, ìyẹn owó tí eléré ń gbà lórí orúkọ àti àwòrán ẹ̀, kó bi lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kó tó gba kọ́bọ̀, torí ohun tí NCAA fàyè gbà, fíìsà lè má fàyè gbà á.

Àpẹẹrẹ irú ẹ̀ kan wà tó ń mú èèyàn lójijì. NCAA àti ìmígíréṣọ̀n jọ ń béèrè krẹ́díìtì 12 ní semester kan ni, àmọ́ kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, krẹ́díìtì 3, ni ìmígíréṣọ̀n máa ń kà mọ́ 12 yẹn. Ìwọ wá mú kọ́ọ̀sì mẹ́rin, méjì nínú wọn jẹ́ online, kó o lè ráyè trénì láàárọ̀, ní ti NCAA o pé, ní ti fíìsà o ti wà ní 9.

Tó o bá sì ti débẹ̀, wo tàímù ẹ dáadáa. Nígbà tí sísìn bá ń lọ, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni fún trénì àti ìdíje, kò gbọ́dọ̀ ju 4 lọ lóòjọ́, kó o sì ní ọjọ́ kan tó ò ní ṣe nǹkan kan. Tí sísìn bá ti parí, ó di 8. Ìrìnàjò ò sí nínú iye yẹn o, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí mẹ́wàá jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ ni ín. O lè pa kíláàsì jẹ torí ìdíje tẹ́ ẹ lọ ṣe níta, àmọ́ kì í ṣe torí trénì ilé, kóòṣì tó bá ní kó o pa lab jẹ wá sí orí pápá, sọ fún compliance. Má sì drop kọ́ọ̀sì kankan kó o tó bi wọ́n, torí lọ́jọ́ tó o bá bọ́ sábẹ́ 12, lọ́jọ́ yẹn náà ni eligibility ẹ, ẹ̀tọ́ ẹ láti kópa, lọ.

Ẹni tó bá ti kópa nínú sísìn gidi fún iléèwé kan lọ́dún ẹ̀kọ́ yìí ò tún lè ṣe eré yẹn kan náà fún òmíì lọ́dún kan náà, bó bá tiẹ̀ wọlé ní January. Duro di ìgbà tí compliance iléèwé tuntun bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti kúnjú ìwọ̀n kó o tó wọ aṣọ wọn lọ sí meet (ìdíje eré sísá), torí tí wọ́n bá wá rí i lẹ́yìn pé o ò tíì yẹ lẹ́ni tó ń sáré, èsì ẹ á wọ́gi, relay tó o bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ sá náà á bá a lọ.