Òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe òjò ìgbìn ní Sókótó

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko jéró àti ẹ̀wà ní Sókótó ni a kọ ìwé yìí fún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀ Yorùbá wá. A ò ní kọ́ yín ní oko ríro. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni a fẹ́ bá wí: ẹ̀ ń gbin jéró sórí òjò àkọ́rọ̀.

Òjò ọdún kan ní Sókótó kò ju nǹkan bíi mìlímítà 650 lọ, bí ìdajì ti Ìbàdàn. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Oṣù Kẹjọ tí òjò máa ń sinmi nílé ni tibí máa ń pọ̀ jù. Òjò kan lè rọ̀ tìjì-tìjì ní oṣù Karùn-ún, kó má tún kán fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí oòrùn sì jó gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Ẹ fi agolo wọn òjò. Kí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Garawa ọ̀dà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ yóò purọ́ fún yín. Ẹ gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí igi àti òrùlé. Láràárọ̀, kí oòrùn tó fà á, ẹ ti rúlà bọ̀ ọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ da omi nù. Bí àpapọ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ léra bá pé sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí iyanrìn bá tutù dé sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ gbìn. Bí kò bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ dúró. Ẹ mọ èyí tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ bí aládùúgbò kan bá ti gbé ọkọ́, gbogbo yín á tẹ̀ lé e.

Jéró tó ń gbó ní nǹkan bí ọjọ́ 90 ni kí ẹ lò. Kóró 6 sí 10 nínú ihò, kí ihò jìn ní sẹ̀ǹtímítà 3. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ fà á kù sí 2 tàbí 3. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta irúgbìn pamọ́ fún àtúngbìn. Ẹ má sè é jẹ.

Ẹ̀wà tó ń gbó ní ọjọ́ 65 kò gbọdọ̀ bá jéró wọlẹ̀. Àárín oṣù Keje sí ìparí rẹ̀ ni tirẹ̀, kó lè gbẹ lẹ́yìn tí òjò bá ti ká sẹ̀. Ẹ̀wà oṣù Kẹfà á gbó sínú òjò, á sì bu.

Fún inú ilé: láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, ooru ọ̀sán sábà máa ń wọ 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹ má kó ọmọ púpọ̀ sùn sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, kí àrùn ọrùn gígan (mẹninjáítìsì) má baà ràn láàárín wọn. Bí ibà bá bá ọrùn gígan wá, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.