Àpérò àgbáyé ní Òṣogbo: àwọn àṣìṣe tó ń pa àwọn olùkópa lẹ́nu mọ́

Bí ẹ bá ń ṣètò àpérò ìdàgbàsókè ìlú, tí àlejò yóò ti Kẹ́ńyà, Íńdíà, Bẹ̀nẹ̀ àti Amẹ́ríkà wá jókòó tì yín fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún ní Òṣogbo, ẹ mú ìwé ètò tí ẹ ti kọ, kí ẹ wo wákàtí kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ẹni mélòó ló ń sọ̀rọ̀? Ẹni mélòó ló ń gbọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ tí ọgọ́rin ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ètò náà kì í ṣe àjọṣe, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára bánà tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀: a máa ń sáré wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, kí a tó ronú ohun tí àwọn olùkópa yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

Ẹ má fi ìkíni gba òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní

A kì í wọ̀lú ká má kí onílùú. N ò sọ pé kí ẹ fo ọba àti àwọn ìjòyè. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe máa ń lọ: orin orílẹ̀-èdè, àdúrà ẹlẹ́sìn méjèèjì, pípe àwọn èèyàn pàtàkì sórí àga iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìkíni láti ẹnu kọmíṣánnà, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti aṣojú àwọn onígbọ̀wọ́. Ẹni tó bá sì dìde yóò tún kí gbogbo àwọn tí ẹni àkọ́kọ́ ti kí. Kí ẹ tó mọ̀, oòrùn ti kan àtàrí. Àlejò tó balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Èkó, tó gba Ìbàdàn àti Ìwó wọlé, tó jẹ́ òru ló dé òtẹ́ẹ̀lì, ti ń tòògbé lórí ìjókòó. Èyí tó burú jù ni pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé àtẹ́wọ́ ni iṣẹ́ òun. Ohun tí àwọn èèyàn bá ń ṣe ní wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe títí wọn yóò fi padà sílé.

Ẹ mú aṣojú díẹ̀ lọ sí ààfin Àtáọ́ja lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ gbé ayẹyẹ ńlá sí ìrọ̀lẹ́, níbi tí ìlù àti oúnjẹ wà. Láàárọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ìkíni. Lẹ́yìn náà, kí kálukú yíjú sí ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ó sọ ohun kan fún un tí àdúgbò òun ti ṣe láìdúró de ìjọba.

Ẹ tún ṣírò àkókò ọ̀rọ̀. Bí ogójì èèyàn bá wà nínú yàrá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 3, wákàtí 2 gbáko nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹnì kejì lóhùn. Ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, ìṣẹ́jú 15 ni gbogbo wọn yóò fi sọ tẹnu wọn. Ọ̀nà World Café tí Juanita Brown àti David Isaacs bẹ̀rẹ̀ ní Kalifọ́níà lọ́dún 1995 bá ìṣirò yìí mu: tábìlì kéékèèké, èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kan á dúró ti tábìlì, àwọn yòókù á ṣí lọ sí tábìlì mìíràn. Nítorí náà, ẹ lọ fojú ara yín wo gbọ̀ngàn kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n ti kan àga rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà kò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ má da àgbà àti ọmọdé pọ̀ láìronú

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni tó ti òkè òkun wá máa ń sọ pé kí a da gbogbo èèyàn pọ̀ sídìí tábìlì kan, olóyè àti ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, kí èrò lè yàtọ̀ síra. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ẹ bá fi ọmọ ọdún méjìlélógún sí tábìlì kan náà pẹ̀lú baálẹ̀ àdúgbò rẹ̀, ẹ ti pa á lẹ́nu mọ́. "Bí Bàbá ṣe wí náà ni, sà" ni ẹ máa gbọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dára, àmọ́ àlejò tí kò mọ̀ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìyàwó tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀ọ́kán, àti fún aláròóbọ̀ tí ìyálọ́jà ń wò lójú.

Ẹ kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí àwọn aláró àti aládìrẹ jókòó pọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó pọ̀, kí àwọn àgbà náà ní tiwọn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan agbẹnusọ, kí ó wá dìde láàárín gbogbo ènìyàn pé: "Ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹnu kò sí nìyí." Ọ̀rọ̀ náà ti di ti ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè pe ọmọ kan ní aláfojúdi mọ́, àgbà náà á sì lè gbọ́ ọ láìbínú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ètò tó bá yọ ọ̀kan sílẹ̀ kò ní pé.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dìbò lórí ohun tó ṣe pàtàkì jù, ẹ má fún gbogbo èèyàn ní káádì àti máàkà kí wọ́n kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ya àwòrán, kí wọ́n ju òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀kùrọ́ sínú igbá. Ẹni tí kò kàwé mọ iye.

Ìbéèrè tó fẹ̀ jù náà máa ń ba ìjókòó jẹ́. "Báwo la ṣe lè mú ìdàgbàsókè bá àwùjọ wa?" Ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀: kí ìjọba ràn wá lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn ń rí. Odò Ọ̀ṣun wà níhìn-ín, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lápá Ìjẹ̀ṣà. Ẹ béèrè pé: "Ní àdúgbò yín, ta ló ṣì ń lo omi odò? Kí ló ń fi ṣe? Ní oṣù wo?" Kí wọ́n fi eérú, ewé àti òkúta ya àdúgbò sórí ilẹ̀, kí kànga àti omi ẹ̀rọ hàn níbẹ̀. Robert Chambers, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé irú ọ̀nà yìí lárugẹ, máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí àlejò fi ọ̀pá tí a fi ń ya ilẹ̀ lé ará ìlú lọ́wọ́, kí òun sì kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ má sọ ará ìlú di ohun ìwòran

Gbogbo àlejò ló máa fẹ́ rí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Kí wọ́n lọ, pẹ̀lú àṣẹ àti ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ àpérò. Àbẹ̀wò àdúgbò ni iṣẹ́, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣì í jù: bọ́ọ̀sì méjì, ọgọ́ta èèyàn, fóònù lókè, ìbéèrè mẹ́ta, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí àlejò tó ju mẹ́wàá lọ síbì kan. Kí onílé náà bi àlejò léèrè bí tiwọn ṣe rí. Oníṣòwò tí ẹ bá gba ọjọ́ rẹ̀, ẹ san owó ọjọ́ náà fún un. Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn onílé wá sí gbọ̀ngàn láti tún ohun tí àlejò kọ nípa wọn ṣe.

Ó ń dùn mí tí àwọn olùṣètò bá ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ la àwọn ará ìlú lójú kí wọ́n tó lè dá sí ọ̀rọ̀. Òṣogbo kọ́ ni wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, ṣí Mbari Mbayo, ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà, níbí lọ́dún 1962, wọ́n ṣe ìjókòó iṣẹ́ ọnà ọlọ́jọ́ díẹ̀, èyí tí ayàwòrán Georgina Beier darí lọ́dún 1964 sì wà lára wọn. Àwọ̀ àti irinṣẹ́ ni wọ́n fi lé àwọn ọ̀dọ́ tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà lọ́wọ́. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún Ládípọ̀, àti Muraina Oyelami, òṣèré rẹ̀, ti ibẹ̀ di ayàwòrán tí ayé mọ̀.

Ní ti ọjọ́: ní oṣù Kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun lè gba gbogbo òtẹ́ẹ̀lì mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má fi ìjókòó kankan sí àsìkò ìrun Jímọ̀. Bí ògbufọ̀ bá ń tú ọ̀rọ̀ lẹ́yìn olùsọ̀rọ̀, ìlọ́po méjì àkókò ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ sì wò ó bóyá àlejò yín láti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ará Kétu tàbí Sábẹ̀, ẹni tó lè bá ìyá aláró sọ Yorùbá tààrà. Ìjókòó tí kò lè wáyé láìsí pírójẹ́kítọ̀, iná mọ̀nàmọ́ná ló ni ín.

Ẹ má kún gbogbo ọjọ́ àpérò bámúbámú. Kí ọ̀sán ọjọ́ kẹta ṣófo. Harrison Owen ti Amẹ́ríkà ti fi ọ̀nà àpérò tó ń jẹ́ Open Space hàn láti ọdún 1985 pé olùkópa fúnra wọn lè lẹ àkòrí mọ́ ògiri, kí kálukú sì lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà. Ní alaalẹ́, kí aṣojú wọn bá àwọn atọ́kùn jókòó, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti yí ètò ọ̀la padà.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ẹ ka ohun tí wọ́n fẹnu kò sí jáde ní Yorùbá kí àlejò tó lọ di ẹrù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọn yóò tún pàdé àti ilé tí wọn yóò ti pàdé. Ẹ da àwòrán orí ilẹ̀ kọ sórí bébà ńlá kí ó wà lọ́wọ́ àdúgbò. Fọ́tò rẹ̀ ni kí àlejò mú lọ.